Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Ọ̀rọ̀ Fi Ṣe Àpẹẹrẹ

Gbogbo wa là ń fi ẹnu jẹun, ṣùgbọ́n ti Àǹtí Ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnu gan-an ni iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti ka ìròyìn tán ní ilé iṣẹ́ rédíò, òun ló kàn. Á mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, lẹ́yìn náà á fi ṣe àpẹẹrẹ kí àwọn olùgbọ́ lè mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ètò náà kò gùn ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu tíì ife kan lọ, síbẹ̀ àwọn kan wà tí kì í jáde nílé tí wọn ò bá tíì gbọ́ ọ. Àwọn tó lè bí i lọ́mọ pàápàá ń pè é ní Àǹtí.

Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ ọ́n sọ. Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tó dùn.

Ọ̀rọ̀ tó so òun àti ọmọ oníbúrẹ́dì pọ̀ ni "companion". Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣàlàyé pé ẹnìkejì ẹni, alábàárìn ẹni, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Pé inú èdè Látìnì ló ti wá, àti pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: ọ̀kan ni "pẹ̀lú", èkejì ni "búrẹ́dì".

"Nítorí náà," ó ní, "ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹ búrẹ́dì ni companion yín. Bí ẹnìkan bá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ yín, tí kò fún yín ní búrẹ́dì jẹ rí, ẹ yẹ ẹni yẹn wò dáadáa o."

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Oníẹ̀rọ, ìyẹn ọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, gbé odidi búrẹ́dì kan wọlé. Ó ṣì gbóná, bébà tí wọ́n fi wé e ti rin fún ooru.

"Wọ́n ní kí n gbé e fún ẹ."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ oníbúrẹ́dì tó wà lójú ọ̀nà ilé wa. Ó ní òun gbọ́ ohun tó o sọ lánàá, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ òun wò."

Àǹtí Ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ túmọ̀. Búrẹ́dì tún dé lọ́jọ́ kejì, ó tún dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Oníẹ̀rọ ní òun kì í ṣe mọ́tò akóbúrẹ́dì, kí àwọn méjèèjì lọ rí ara wọn lójú kojú kí òun lè sinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin gíga kan jáde láti ẹ̀yìn, fùláwà wà nínú irun ojú rẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n bá níbi tí kò ti múra.

"Ẹ̀yin lẹ ni ohùn yẹn?" ó béèrè.

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ ni búrẹ́dì yẹn?"

Ọkùnrin náà ń ro èsì. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn: bó o bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ ro ó, á wá dáhùn, èsì náà á sì jẹ́ òtítọ́. Àǹtí Ọ̀rọ̀ tó ń fi ojoojúmọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò rí, wá rí ibi tó ti lè jókòó kó gbọ́ ti ẹlòmíràn. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà kó tó ronú síbẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, bó ò bá rí i nílé, o mọ ibi tó o ti máa wá a.

Bàbá ọkùnrin náà ni kò fẹ́. Bàbá Oníbúrẹ́dì kì í ṣe oníjà, kì í tilẹ̀ í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun ti rí ẹni tóun máa fẹ́, ó gbé páànù búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò rí ìwà burúkú kankan lọ́wọ́ ọmọ náà," ó ní. "Àmọ́ ẹni tí ẹnu jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀, tó bá délé tán, kí ló máa kù tó máa pa mọ́ síkùn?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbèjà. Ó ti fẹ́ràn Àǹtí Ọ̀rọ̀ kó tó rí i rárá. Rédíò kékeré kan wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn káńtà rẹ̀, àárọ̀ kan kì í kọjá kó má tan án.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sọ̀rọ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "kí lẹ fi dídákẹ́ yín rà fún mi láti ọjọ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa bá mi tàkúrọ̀sọ wọlé wá. Ìyàwó mi nìyẹn. Bí ọmọ yín ò bá fẹ́ ẹ, èmi máa fẹ́ ẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe pe Àǹtí Ọ̀rọ̀ wá jẹun nílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Inú oúnjẹ ni wọ́n wà tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì sú u í sọ.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa," ó ní, "gbogbo ènìyàn ti jókòó, èmi náà ti jókòó, kò sí ọkọ. Wọ́n wá a títí. Àwọn àǹtí mi ti ń wo ara wọn lójú. Ìgbà tó máa yọ, oòrùn ti yí. Ó ní bàtà ló há mọ́ òun lẹ́sẹ̀, òun padà lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ìyàwó mi, wá wo bàtà tó wọ̀ dé! Bàtà tó fi ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò ni, fùláwà funfun báláú lórí ẹ̀, ó wá fi dúró tì mí nínú aṣọ olówó gọbọi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú àwo.

"Àwọn ènìyàn bú u títí," ìyá ní, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Èmi ò bú u. Mo sọ nínú ara mi pé ọkùnrin tó lè fi bàtà oníyẹ̀fun wá gbé mi níwájú gbogbo ayé, tí kò jẹ́ kí ojú ti òun, ẹni yẹn fẹ́ mi dénú. Títí dòní, bí inú mi bá bàjẹ́, bàtà yẹn ni mo máa ń rántí."

Àǹtí Ọ̀rọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ó gbọ́ ọ, nítorí òun náà kò gbàgbé.

Lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná ààrò ti lọ sílẹ̀, òun àti ọmọ oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò fùláwà ní yàrá ẹ̀yìn.  Ọkùnrin náà ní bàbá òun pe òun sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ó ní bàtà ò há."

"Bàtà wo?"

"Bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Kò há. Ó ní ẹlòmíràn kan wà tóun ti fẹ́ràn kó tó di pé wọ́n mú ìyá mi wá fún òun. Obìnrin yẹn ti rìnrìn àjò, kò padà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ bàtà tuntun, ó jáde nílé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lọ síbi ìgbéyàwó. Ibí ló wá. Ó jókòó sídìí ààrò, ó bọ́ bàtà, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó fẹ́ sá lọ ni."

"Kí ló wá mú un lọ?"

"Ó ní òun ò mọ̀. Ó kàn rí i pé òun ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́, òun sì ti ń rìn lọ. Ó ní ọdún tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, bí àlejò lòun ṣe ń gbénú ilé. Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá mi ń po fùláwà, ó ń kọrin, ó ṣì í kọ, ó ń fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá kúrò nílé òun, òun ò ní lè dìde mọ́. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun ò wẹ̀yìn rí. Ṣùgbọ́n òun ò rí bóun ṣe máa sọ apá kejì fún ìyá mi láìsọ apá kìíní."

Ó yíjú sí i.

"Ìdí tó fi sọ fún mi ni pé kí n yẹ ọkàn mi wò kí n tó gbéyàwó. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bá ẹ du àyè níbẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Omi bọ́ lójú Àǹtí Ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ wò ó, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn fún un láti gbé. Ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì máa jókòó láti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti pè é, ó ní àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ ti ń gbẹ bíi búrẹ́dì àná, pé ọmọ tó ń lọ sílé ìwé àti ìyá tó ń lọ sọ́jà ti sú àwọn olùgbọ́, kó wá ohun tó ní ẹran lára.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó kàn ni "reluctant". Ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Ó sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá: Látìnì ni, ọ̀rọ̀ àwọn oníjàkadì ni, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé dá, tó ń janpata pé òun ò ní ṣubú. Ó wá ku àpẹẹrẹ. Èyí tó ti múra sílẹ̀ ni ti ọmọ kan tí kò fẹ́ jí lọ sílé ìwé. Ó gbójú sókè, ó rí Bọ̀dá Oníẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì tó yán bíi kí ẹnu rẹ̀ ya.

Ó rí i tó yán, ìtàn náà sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé télọ̀ kan fẹ́ gbéyàwó," ó ní. "Gbogbo ènìyàn ti jókòó, ìyàwó ti jókòó, kò sí ọkọ. Nígbà tó máa dé, bàtà ibi iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ní bàtà tuntun ló há mọ́ òun. Ìyàwó gbà á gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bàtà ò há. Ọkàn ló há. Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Télọ̀ yẹn, bó ṣe ń rìn lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀ yẹn, reluctant ni."

Bọ̀dá Oníẹ̀rọ ti gbàgbé yíyán. Ó ti sún mọ́ gíláàsì. Ìdùnnú kan gba inú Àǹtí Ọ̀rọ̀ kọjá, irú èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń ní nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ sí i. Ìdùnnú yẹn ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lẹ́yìn náà. Orin ìparí ti bẹ̀rẹ̀ kó tó rántí pé ìtàn náà ní apá kejì. Ọ̀rọ̀ tó ń túmọ̀ kò sì nílò apá kejì.

Lọ́sàn-án, Bọ̀dá Oníẹ̀rọ jáde lọ ra búrẹ́dì, ó padà lọ́wọ́ òfo.

"Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa," ó ní. "Mi ò rí i kí wọ́n tì í lọ́sàn-án rí. Ṣé kò sí nǹkan?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Àǹtí Ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti mọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òun tilẹ̀ mọ orí tí òkò tirẹ̀ máa bà kó tó jù ú.

Nígbà tó jáde ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu géètì. Kò wá sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe.

"Màmá mi wà nídìí káńtà," ó ní. "Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀, ó ń pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá gbọ́ ìyàwó òun. Ó yí rédíò sókè fún wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín títí o fi dórí bàtà."

"Mo pè é ní télọ̀."

"O pè é ní télọ̀," ọkùnrin náà tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ èdè.

"Mo rò pé... mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ó yíjú sí bàbá mi níwájú gbogbo wọn. Ó ní, 'Ṣé bàtà há, àbí kò há?' O mọ bàbá mi. Kò lè purọ́. Ó dákẹ́. Ìyá mi bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó wọlé lọ, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ìwọ, ṣé wàá sọ pé o ò mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ ẹ?"

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tó lè sọ. Ẹnu rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Mo sọ ọ́ fún ẹ nítorí mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mi ò sọ ọ́ fún ìlú."

Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ì bá sàn. Ó kàn yíjú, ó ń lọ, Àǹtí Ọ̀rọ̀ sì dúró níbẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi wọ àárín èrò.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn fún un. Bó bá jókòó nínú yàrá rẹ̀, á máa rojọ́ fún ara rẹ̀: mo pè é ní télọ̀, n kò dárúkọ, àpẹẹrẹ lásán ni, àwọn olùgbọ́ yòókù ò mọ̀ wọ́n. Bó bá rò ó dé ìdí, gbogbo rẹ̀ á wó. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi bàtà sílẹ̀, tí òun lo fìlà tàbí agogo, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà ló dùn. Nítorí adùn ló ṣe fi í síbẹ̀, tó ta ìyá tó gbà á wọlé, ìyá tó gbèjà rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kìlọ̀. Ìkìlọ̀ bàbá yẹn, tí ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, ò kúrò létí rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló kó tirẹ̀ bá.

"Tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́," Bọ̀dá Oníẹ̀rọ gbà á nímọ̀ràn. "Sọ pé o hun ìtàn náà ni."

"Kí n tún tú wọn síhòòhò lẹ́ẹ̀kejì? Kí n tún wá fi irọ́ lé e?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó lọ. Bàbá ló bá nídìí káńtà, ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tajà, tó ń yí bébà mọ́ búrẹ́dì bí ẹni ń di egbò. Rédíò ti kúrò lórí pẹpẹ. Ó gbójú sókè, ó rí i.

"Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ sọ ọ́."

"Ó wà lẹ́yìn. Kò dá mi lóhùn. Wọlé lọ, bóyá ó máa dá ìwọ lóhùn."

Ìyá ń fi òróró pa inú páànù ní yàrá ẹ̀yìn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò gbójú sókè. Orí ìkúnlẹ̀ ni Àǹtí Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, òun sì sọ ọ́. Ó ní òun ò ní àwáwí.

Ìyá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọ̀rọ̀ wo lò ń túmọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an? Bàtà ni mo gbọ́. Lẹ́yìn bàtà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Reluctant ni, Mà."

"Túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Bó o ṣe máa ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn."

Àǹtí Ọ̀rọ̀ ì bá fẹ́ kó gbá òun létí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó túmọ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ ń lọ, ọkàn ń fà sẹ́yìn. Ó sọ nípa àwọn oníjàkadì, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé dá tó ní òun ò ní ṣubú.

"Ìjàkadì," ìyá ní. Ó gbé páànù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló wá dá ta?"

"Ọ̀rọ̀ náà ò sọ, Mà. Ó kàn sọ pé ìjà wà."

"Mi ò bi ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ ni mò ń bi. Ìwọ tó o mọ ìdí bàtà, ṣé o mọ ẹni tó ṣubú?"

Èsì rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ odindi. Orin tí wọ́n ṣì kọ, ẹ̀rín, ọkùnrin tí kò wẹ̀yìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá sọ ọ́ báyìí, ojú ìyá á là, wọ́n lè dárí jì í kó tó dìde nílẹ̀, ọmọ oníbúrẹ́dì lè padà wá bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́ tí á fi dùn. Ibi tó ti mọ̀ pé òun lè sọ ọ́ kó dùn yẹn ni ẹ̀rù ti bà á.

"Mo mọ̀, Mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Apá kìíní pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ẹ bi Bàbá."

"Ìsinsìnyí lo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́?"

"Ìsinsìnyí ni, Mà. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀."

Ìyá wò ó. Omi kún ojú rẹ̀, kò bọ́.

"Mo fẹ́ràn ẹ," ó ní. "Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ǹ bá ti bú u kí n sì máa ta búrẹ́dì mi lọ. Dìde. Òróró wà nílẹ̀ ibẹ̀."

Ó dìde, ó jáde sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá," ó ní, "Màmá ń béèrè ohun kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ rẹ̀, ó tún nù ún. Ó wá wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò pẹ́ tí Àǹtí Ọ̀rọ̀ fi gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lọ, tó ń sọ ọ́ lọ láìsinmi. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa yé òun, ó sáré jáde sójú títì, ó lọ dúró níbi tí ariwo mọ́tò ti pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lé díẹ̀ kọjá kí Bọ̀dá Oníẹ̀rọ tó wọlé wá pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá.

"Ìyá ránṣẹ́ sí ẹ," ó ní. "Ó ní òun àti ọkọ òun ti parí ọ̀rọ̀ àwọn, kò sì kàn ẹ́ bí wọ́n ṣe parí ẹ̀. Ó ní òun ò tíì dárí jì ẹ́. Àmọ́ òun ò ní dúró lójú ọ̀nà ọmọ òun, nítorí ọmọ náà ò jẹun. Ó ní òun gbà kó fẹ́ ẹ." Ó họ orí. "Ó tún ní bí òun ṣe gbà á yẹn, o mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkọ tètè dé. Ìyá jókòó níwájú, ó wọ aṣọ tó rẹwà, ó kí i dáadáa, ó sì pè é ní "ìyàwó ọmọ mi". Ẹni tí kò bá mọ̀ á sọ pé kí ló tún kù. Àǹtí Ọ̀rọ̀ mọ̀ pé "ìyàwó mi" ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Yàrá méjì ni wọ́n gbà, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ kì í bínú, kì í sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ó ń ra ohun tó yẹ kó rà, ó ń béèrè bóyá ó ti sinmi. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, á sọ pé fùláwà tuntun ò dára tó ti tẹ́lẹ̀, pé òjò máa rọ̀, pé ilẹ̀kùn ààrò ń fẹ́ àtúnṣe. Ó parí síbẹ̀. Ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀, tó máa ń gbé wá bá a lórí àpò fùláwà nígbà kan, kò gbé e wá mọ́. Àǹtí Ọ̀rọ̀ kò béèrè. Kí ló fẹ́ fi béèrè? Ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ lórí rédíò, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé àti ìyá tó ń lọ sọ́jà ló sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá rẹ̀ bínú títí, ó sú u.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fọ àwo, ọkọ rẹ̀ wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì láìbọ́ bàtà. Kò sọ̀rọ̀ fùláwà. Kò sọ̀rọ̀ òjò.

"Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí," ó ní.

Àǹtí Ọ̀rọ̀ pa omi ẹ̀rọ. Kò yíjú padà, kó má bàa dà bí ẹni tó ń sáré.

Ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.  

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," ó ní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Kò rò ó rí pé ó yẹ kóun sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré náà gún un láyà. Ó di etí àwo-ìfọwọ́ mú, nítorí ó mọ̀ pé títí ayé ni ọkọ òun á máa sọ ọ́ kó tó sọ nǹkan kan fún òun, òun lòun sì fi ọwọ́ ara òun fà á.

"Mi ò ní sọ," ó ní.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó kojú sí i. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ díẹ̀ sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un. Ó pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Ohun tó sọ, èmi tí mò ń ròyìn yìí ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.